Ohun Tí Mo Rí Nípa Ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Kí O Tó Ta Tiwa

Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi,

Mo mọ̀ pé ìwọ àti ọkọ rẹ ti ń wọ̀nà fún ìwé yìí. Káyọ̀dé ẹ̀gbọ́n rẹ ló ní kí n wá ẹni tí yóò bá mi kọ ọ́, kí n fi ẹnu ara mi sọ pé mo gbà kí o ta ìpín tí mo fún ọ nínú oko Gbọ̀ngán, nítorí pé ẹni tó fẹ́ rà á ní òun kò ní dáwọ́ lé e àfi bí òun bá gbọ́ ọ lọ́dọ̀ mi. Ó dára. Mo ti wá ẹni tí yóò kọ ọ́. Dúpẹ́ lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìkirè ni, nọ́ọ̀sì ni, ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà kan náà la jọ ń lọ. Ó jókòó síwájú mi ní ilé ìdáná Káyọ̀dé báyìí. Mo ti bá a ṣe àdéhùn pé ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má fi tirẹ̀ kún un, kó má sì bù ṣúgà sí èyí tó bá korò. Bí o bá kan ibi tí inú rẹ kò dùn sí, má bínú sí Dúpẹ́. Èmi ni.

Ìdáhùn mi wà níwájú. Ka èyí tó ṣáájú rẹ̀ ná. O ti gba físà, o ń bọ̀ wá gbé ní orílẹ̀-èdè tí o kò mọ̀, àwọn tó sì ti wà níbẹ̀ kì í sọ bó ṣe rí fún ará ilé. Ẹ̀gbọ́n rẹ kò sọ fún mi. Fọ́tò ló ń fi ránṣẹ́: òun lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, òun lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìríìjì, òun nínú yìnyín tó dé e lórúnkún. Ìlú mìíràn ló ti lọ ya ti yìnyín yẹn, Àbẹ̀kẹ́. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe wọ kóòtù òkìrìká tí ìwọ fúnra rẹ rà fún mi, tí mo wọ̀ ọ́ láti Èkó títí dé Houston. Nígbà tí a jáde ní pápá ọkọ̀ òfurufú, ooru gbá mi lójú bí ìgbà tí èèyàn bá ṣí ìkòkò ẹ̀kọ lórí iná.

Mo ní, "Káyọ̀dé, òtútù tó o fi ránṣẹ́ dà?"

Ó ní, "Bàbá, ẹ bọ́ kóòtù yẹn, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn èèyàn ń wò wá."

"Kí wọ́n wò wá. Àbúrò rẹ ló rà á."

Ooru ibí ju ti Gbọ̀ngán lọ, ó sì tún lómi nínú, bí ìgbà tí wọ́n bá fi aṣọ tí wọn ò fún dáadáa bo èèyàn nímú. Àwọn ará ìlú kì í gbé inú rẹ̀. Láti inú ilé tí ẹ̀rọ ń mú tutù, wọ́n á bọ́ sínú mọ́tò tí ẹ̀rọ ń mú tutù, wọ́n á gba freeway, títì ńlá wọn, lọ sí mall, níbi tí mo ti ń gbọ̀n bí adìẹ tí òjò pa. Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí o mọ̀ nìyẹn: má ti ara fọ́tò mọ ìlú.

Èkejì ni pé ilẹ̀ yìí tẹ́ pẹrẹsẹ. Kò sí òkè. Láti ọjọ́ tí mo ti dé, mi ò tíì rí àpáta kan tó dá jókòó síbi tí Ọlọ́run fi í sí. Bí òjò bá rọ̀, omi kò mọ ibi tí yóò gbà, á dúró lójú títì bí àlejò tí wọn ò fún ní ìjókòó. Erùpẹ̀ rẹ̀ dúdú, ó ń lẹ̀ bí ọṣẹ, bí oòrùn bá sì ti pa á fún ìgbà díẹ̀, á là, á là débi tí ẹsẹ̀ èèyàn lè wọ̀ ọ́. Bó bá ti là bẹ́ẹ̀, ilé á là pẹ̀lú rẹ̀. O mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí i? Wọ́n ń bomi rin ilé. Mo jí lọ́jọ́ kan, mo rí ẹ̀gbọ́n rẹ tó di rọ́bà omi mú, tó ń fọ́n ọn sí ìdí ògiri. Mo ní ṣé ilé náà máa so ni? Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní bí òun kò bá bomi rin ín, ìpìlẹ̀ á sán.

Àwọn àgbẹ̀ wà níbí o. Irọ́ ni wọ́n pa fún wa pé Amẹ́ríkà kò ní oko. Lápá ìwọ̀ oòrùn ìlú yìí, oko ìrẹsì ni mo rí tí ojú mi kò lè rí ìparí rẹ̀. Ọkọ̀ òfurufú ni wọ́n fi ń gbin ín. Á fò kọjá nílẹ̀ẹ́lẹ̀, á sì máa da irúgbìn sínú omi. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà títí Káyọ̀dé fi ń pè mí, mo ń wá ẹni tó ni oko náà kí n lè kí i kú iṣẹ́. Mi ò rí ẹnì kankan. Inú mi bàjẹ́ lọ́jọ́ náà, mi ò sì lè ṣàlàyé rẹ̀ fún un. Oko tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tí èèyàn lè kí pé "àroko bọ́dún dé o."

Ìlú yìí kò sí létí òkun, síbẹ̀ ọkọ̀ ojú omi ńlá ń gúnlẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n gbẹ́ odò fẹ̀, wọ́n gbẹ́ ẹ jìn, títí òkun fi wá bá wọn nílé. Ẹ̀bá omi yẹn lọ́hùn-ún ni Baytown wà, níbi tí wọ́n ti ń fọ epo, níbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ ti ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó ní kó máa lọ. Ó mú mi débẹ̀ nígbà tó ṣì níṣẹ́, ó fẹ́ kí n rí bí ibi iṣẹ́ òun ti tóbi tó. Ohun tí mo rí ni àdúgbò kan tó ti rì. Àwọn ilé dáradára, ilé olówó, omi òkun ti wọ inú pálọ̀ wọn. Mo bi í pé ṣé òkun ló gòkè. Ó ní rárá, ilẹ̀ ló lọ sílẹ̀. Láti ọdún gbọ́nhan ni àwọn ilé iṣẹ́ àti ará ìlú ti ń fa omi mu láti abẹ́ ilẹ̀, tí ilẹ̀ fi ń jókòó díẹ̀díẹ̀ bí àpò tí wọ́n tú ohun inú rẹ̀ dànù. Ìjì kan ló wá parí rẹ̀. Gbogbo wọn kó kúrò.

Mo ní, "Àwọn onílé ń kọ́?"

Ó ní, "Wọ́n ti lọ, Bàbá."

"Lọ sí ibo? Ilẹ̀ wọn nìyí."

"Bàbá, omi ni."

Àbẹ̀kẹ́, mo ti rí ilẹ̀ tí wọ́n jà lé lórí, mo ti rí èyí tí iná jó. Mi ò rí èyí tí wọ́n mu tán rí.

Jẹ́ kí n wá sọ ti àṣìṣe tèmi, nítorí òun ló bí ọ̀rọ̀ tó wà láàrin wa yìí. Bàbá mi kò rán mi nílé ìwé. Ọkọ́ ló fi lé mi lọ́wọ́. Mo bínú sí i títí ó fi kú, mo sì pinnu pé ọmọ tèmi kankan kò ní di ọkọ́ mú. Ọjọ́ kan tí Káyọ̀dé wá sóko nígbà ọlidé, ó mú ọkọ́ mi, ó fẹ́ kọ ebè kan. Mo já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní, "Ṣé nítorí èyí ni mo ṣe ń san owó ilé ìwé rẹ?" Mo rò pé ìfẹ́ ni. Ohun tí ìfẹ́ yẹn ṣe ni pé mo bí ẹ̀yin méjì, kò sì sí ẹni tó lè fi ẹsẹ̀ rìn yí ààlà oko wa ká kó má ṣìnà. Pèrègún wo la gbìn síbi tí a ti pààlà pẹ̀lú ilé Àjàyí? Ẹ ò mọ̀. Ẹni tí kò mọ ibi tí ilẹ̀ rẹ̀ parí sí kò ní mọ̀ bí ó ṣe tóbi tó, yóò sì rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti tà á. Mi ò dá ọ lẹ́bi nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tìrẹ, bí o bá kó wọn dé ibí, kọ́ wọn ní ohun tí mi ò kọ́ yín. Àwọn ọmọ Káyọ̀dé ń gbọ́ Yorùbá bí wọ́n bá ń bá wọn wí, tí wọ́n bá sì ní kí wọ́n wá jẹun. Bí wọ́n bá rí mi nírọ̀lẹ́, wọ́n á dọ̀bálẹ̀, wọ́n á ní "ẹ káàárọ̀, Grandpa." Mo ń dáhùn. Kí ni kí n ṣe?

Ó wá kan ti Mista Amos. Farabalẹ̀ ka èyí.

Ilé tí ẹ̀gbọ́n rẹ rà yìí wà ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí a ń gbà lọ sí Stafford. Ní ẹ̀yìn rẹ̀, ilẹ̀ kan wà tó gùn tààrà bí ojú ọ̀nà, koríko nìkan ló wà lórí rẹ̀, kò sí ilé, kò sí igi. Mo bi Káyọ̀dé pé ta ló ni ín.

Ó ní, "Mi ò mọ̀, Bàbá."

"O ra ilé síbi tí o kò mọ ẹni tó ni ẹ̀yìnkùlé rẹ?"

"Níbí, èèyàn kì í béèrè."

Èmi máa ń béèrè. Mo wo àdúgbò náà yíká, mo rí ilé pákó kan lẹ́yìn ọ̀hún, ilé tó ti darúgbó kí wọ́n tó kọ́ èyíkéyìí nínú àwọn tó kù. Arúgbó ọkùnrin kan, èèyàn dúdú bí tiwa, máa ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Òun ni Mista Amos. Mo sọ fún ara mi pé onílẹ̀ nìyẹn. Mo dé fìlà, mo mú iṣu tí a rà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa, mo mú orógbó tí mo gbé ti ilé bọ̀, mo sì fa ẹ̀gbọ́n rẹ dání kó bá mi túmọ̀. Ojú ń tì í bí ọmọge. Mo ṣí fìlà fún arúgbó náà, mo ní, "Káyọ̀dé, sọ fún un pé àjèjì ni mí, mo fẹ́ dáko díẹ̀ lórí ilẹ̀ rẹ̀. Kó sọ ohun tí ìṣákọ́lẹ̀ rẹ̀ jẹ́."

"Bàbá, àwọn kọ́ ni wọ́n ni ilẹ̀ yẹn."

"Ṣé mo bi ọ́ ni? Sọ ohun tí mo ní kí o sọ."

Ó sọ ọ́. Arúgbó náà wò mí, ó wo iṣu, ó gba orógbó, ó sì gé e jẹ. Ojú rẹ̀ fún pọ̀. Ó sọ nǹkan kan, Káyọ̀dé bú sẹ́rìn-ín.

"Kí ló wí?"

"Wọ́n ní kí làwọn fi ṣẹ̀ yín tí ẹ fi ń fún àwọn ní oògùn ibà?"

"Sọ fún un pé kó máa jẹ ẹ́ lọ. Adùn rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn."

Ó jẹ ẹ́ tán, ó ní kí n gbin ohun tó bá wù mí. Mo gbin àgbàdo, mo gbin ilá àti tẹ̀tẹ̀. Ilẹ̀ dúdú yẹn ṣe ohun tí mo ní kó ṣe. Nígbà tí àgbàdo gbó, mo já àkọ́kọ́ rẹ̀, mo kó o lọ fún un gẹ́gẹ́ bí ìṣákọ́lẹ̀. Káyọ̀dé tẹ̀ lé mi. Wọ́n ti dá a dúró níbi iṣẹ́ nígbà yẹn, kò ní ibòmíràn tó ń lọ.

Mista Amos kó àgbàdo náà lé itan. Ó ní kò sí ẹnikẹ́ni tó san nǹkan rí fún àwọn lórí ilẹ̀ yẹn, àti pé mo jàjà bi ẹni tó yẹ kí n bi. Ó ní ti bàbá bàbá òun ni.

Ó wá sọ ìtàn ìpínlẹ̀ Texas fún wa. Ó ti jẹ́ ti àwọn ará Mẹ́síkò rí. Ó tún ti dá dúró rí bí orílẹ̀-èdè, tó ní ààrẹ tirẹ̀ àti àsíá tirẹ̀, kó tó dara pọ̀ mọ́ Amẹ́ríkà. Àwọn Mẹ́síkò tí ilẹ̀ jẹ́ tiwọn nígbà náà, àwọn ọmọ wọn ni mo ń rí lónìí tí wọ́n ń gé koríko fún onílé. Àwọn dúdú tiwa, ẹrú ni wọ́n, wọ́n ń gé ìrèké, wọ́n ń já òwú. Ìjọba dá wọn sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó lé ní ọdún méjì kí ìròyìn náà tó dé Texas. Ọjọ́ tí wọ́n gbọ́ ni wọ́n ń ṣe àjọ̀dún rẹ̀ títí di òní, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n dá wọn sílẹ̀.

Mo ní kí Káyọ̀dé bi í pé àwọn tó ti gbọ́ tí wọn kò sọ fún wọn ń kọ́?

Mista Amos ní, "Wọ́n ń dúró kí ìkórè parí ná."

Bàbá bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tó gbọ́ ìròyìn náà. Ó ṣiṣẹ́ títí ó fi ra ilẹ̀ yìí. Ó kú, kò pín in. Gbogbo ọmọ ló jọ ni ín, bí a ṣe ń ṣe nílé wa gan-an. Ó yà mí lẹ́nu pé wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ níbí. Wọ́n dáko lórí rẹ̀ títí ó fi kan ìran Mista Amos. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan wà ní California tí kò tẹ ilẹ̀ náà rí. Àjèjì kan lọ bá a, ó ra ìpín tirẹ̀ nìkan, ìpín kékeré. Gbàrà tí àjèjì náà ti ní ẹsẹ̀ kan nínú rẹ̀, ó lọ sí kóòtù, ó ní òun kò fẹ́ bá wọn jọ ni nǹkan pọ̀, kí wọ́n ta gbogbo rẹ̀, kí wọ́n pín owó rẹ̀. Adájọ́ sì ní kí wọ́n tà á. Òun náà ló tún rà á. Gbogbo ilé tí mo ń wò yíká yìí, títí kan ti ẹ̀gbọ́n rẹ, orí oko bàbá bàbá Mista Amos ni wọ́n kọ́ wọn sí. Ìdí ilé pákó yẹn nìkan ló kù fún un.

Mo bi í pé ọmọ tó ta ìpín rẹ̀ ń kọ́, ṣé ó burú ni? Ó ní rárá. Ó ní ọmọ dáadáa ni, ó fẹ́ fi ra mọ́tò.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ẹ̀rọ ńlá kan wá láàárọ̀, ó gé ilá mi, ó gé tẹ̀tẹ̀, ó lọ ohun tó kù nínú àgbàdo mọ́ koríko. Mo sáré jáde. Ẹni tó ń wà á kò ṣe mí níbi, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì ṣàlàyé fún Káyọ̀dé pé páìpù epo ló gba abẹ́ ibẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbìn sórí rẹ̀. Mo ní ta ló wá ni ilẹ̀ gan-an? Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ ti sọ ohun tó yà mí lẹ́nu jù lọ ní orílẹ̀-èdè yìí. Ó ní òkè ilẹ̀ lè jẹ́ ti ẹnì kan, kí epo tó wà lábẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti ẹlòmíràn, kí ọ̀nà tí páìpù gbà sì jẹ́ ti ẹni kẹta. Èèyàn lè ta òkè, kó mú ìsàlẹ̀ dání.

Mo ní, "Ilé tìrẹ yìí ń kọ́? Ṣé ìwọ lo ni abẹ́ rẹ̀?"

"Rárá. Ẹni tó kọ́kọ́ ta ilẹ̀ ti mú ìyẹn dání."

"Òkè rẹ̀ wá ń kọ́?"

"Báńkì ló ni ín, títí n ó fi san án tán."

"Kí lo wá ni, Káyọ̀dé?"

Ó ní, "Kọ́kọ́rọ́."

Dúpẹ́ ti gbé bírò sílẹ̀ níhìn-ín. Ó ní, "Bàbá, ṣé kí n kọ ìyẹn? Ojú á ti Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé." Mo ní kó kọ ọ́. Àbúrò rẹ̀ ni ìwọ, ó yẹ kí o mọ̀.

Ìdáhùn mi nìyí o, Àbẹ̀kẹ́: mi ò gbà. O kò gbọdọ̀ ta ìpín rẹ nínú oko Gbọ̀ngán, ì báà ṣe ibi tí àga kan gbà. Mo mọ̀ pé owó ọkọ̀ òfurufú lo fẹ́ fi apá kan rẹ̀ san. Mo mọ̀ pé ti Káyọ̀dé ni ìyókù, kí báńkì má bàa gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ èyí fún mi tààrà, ṣùgbọ́n etí mi kò di. Bí o bá fẹ́ wá, wá, mi ò di ọ̀nà rẹ. Ta aṣọ, ta góòlù ìyá rẹ, mo yọ̀ǹda rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ra tìrẹ lónìí ń bọ̀ wá jókòó sáàrin wa lọ́la, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi ní kí a dìde fún òun. Ìwọ fúnra rẹ ni kí o lọ sọ fún un. Má rán ọkọ rẹ. Wò ó lójú, kí o ní bàbá mi kọ̀.

Ibi tí mo dé nìyẹn nígbà tí Káyọ̀dé wọlé. Ó ti ń wáṣẹ́ láti àárọ̀, ó gbé táì lé èjìká. Ó kí Dúpẹ́, ó wo ìwé lórí tábìlì.

Ó ní, "Bàbá, ẹ ti sọ fún un?"

"Mo ti sọ fún un."

"Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ ṣeun gan-an."

"Mo ní kó má tà á."

Kò pariwo. Ìbá sàn kó pariwo. Ó fa àga, kò sì jókòó sórí rẹ̀. Ó ní, "Ilé yìí ń lọ nìyẹn."

Mo ní, "Kó máa lọ. O ní ilé."

"Ibo ni mo ní ilé? Ahéré? Ẹ̀yin náà lẹ lé mi kúrò níbẹ̀." Ó wá sọ pé, "Bàbá, ẹ fẹ́ràn ilẹ̀ ju ọmọ yín lọ." Ó wọ yàrá, ó rọra ti ilẹ̀kùn.

Má dúró, Dúpẹ́, máa kọ ọ́ lọ.

Àbẹ̀kẹ́, ohun kan ló kù tí mo fẹ́ kí o ṣe. Ká kòkó tó wà lápá odò, èyí tó ti pọ́n, kí o tà á, kó o fi pààrọ̀ páànù ahéré wa kí òjò tó dé. Ṣe yàrá méjì tó kọjú sí kànga, kí wọ́n rẹ́ ògiri rẹ̀, kí wọ́n sì fi nẹ́ẹ̀tì sí fèrèsé, nítorí ara àwọn ọmọ Káyọ̀dé kò mọ ibà. Má kọ̀wé sí i nípa rẹ̀. Má jẹ́ kó mọ̀ pé èmi ni mo ní kí o ṣe é. Bó bá dé lọ́jọ́ kan, kó rò pé bẹ́ẹ̀ ló ti máa ń rí.

Èmi ni, bàbá rẹ.